Kì Í Ṣe Bàbá Sàlíù Ló Ní Kí N Pa Ẹṣin Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ó ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Kò lọ sísàlẹ̀, kò sì padà wá sókè.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò kọ èyí láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ. Wọ́n fẹ́ bá mi wí níbẹ̀ nítorí ohun kan tí mo ṣe. Àṣìṣe ni. Mo lè dúró níwájú ọba, níwájú ajẹ́lẹ̀, níwájú ẹnikẹ́ni, kí n sì sọ pé àṣìṣe ni. N kò bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ohun tí mo ṣe láti fi bọ́ nínú ìbáwí náà ni mo wá jẹ́wọ́.

Àwọn kan ti ní kí n má sọ ọ́. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ọmọ Ìwó ni mí. Alápatà ni bàbá mi. Ìmàle ni, kì í pa ìrun jẹ, orúkọ tí ó sì sọ mí ni Lásísì. Nígbà tí àwọn òyìnbó oníwàásù dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú wa, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ tíṣà, bàbá mi ní ayé ti di ayé ìwé, kí n lọ.

Àwọn ará àdúgbò wa fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní alápatà ti fa ọmọ lé àwọn kiriyó lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rì mí bọmi, tí wọ́n sọ mí ní Dáníẹ́lì, àwọn kan ò kí i ní mọ́ṣáláṣí mọ́. Kò bá wọn jà. Ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ná." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí wọ́n bá lé mi, ojú tèmi nìkan kọ́ ni yóò tì.

Òyìnbó kan tó dá irùngbọ̀n sí ni ọ̀gá àgbà wa. Ọ̀gá là ń pè é. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lára rẹ̀: Yorùbá tí ó ń sọ. Ó ti lé ògbufọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó máa ń ṣe ìwàásù fún wa ní èdè wa, a ó sì máa wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa wá. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jẹ pàṣán. Ẹni tó bá sọ pé, "Ọ̀gá, báyìí kọ́ la ṣe ń pè é," kò tíì sí.

Bàbá Sàlíù ni ó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ìdílé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ti bí i, ó sì ti fẹ́ obìnrin kan láti Olúpọ̀nnà. Nítorí pé mọ́ṣáláṣí kan náà ni òun àti bàbá mi ti ń kírun, Lásísì ni ó máa ń pè mí. Kò pè mí ní Dáníẹ́lì rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Ọ̀gá jáde, ó ké sí i pé, "Sàlíù, gbé gààrí sórí ẹṣin!" Ẹ gbọ́ o, gààrí tí à ń jẹ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá. Bàbá Sàlíù kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ó dáa, Ọ̀gá," ó sì lọ gbé gàárì wá. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Lásísì, ẹni tó bá ń bá òyìnbó yìí ṣiṣẹ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa gbọ́. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, wàhálà ló ń wá."

Ìbá ṣe pé mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣọgbọ́n.

Ẹsẹ̀ ẹṣin náà kó sí ihò lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Orúnkún rẹ̀ wú, kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bàbá Sàlíù ń fi ewé àti omi gbígbóná jó o lójoojúmọ́. Àárín ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ bímọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, ó sì gbàyè lọ́wọ́ Ọ̀gá láti lọ sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti kúrò nílé kí oòrùn tó yọ.

Òwúrọ̀ yẹn náà ni Ọ̀gá ń lọ wàásù ní Kuta. Àwọn aláàárù rẹ̀ ti gbé ẹrù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, ó pè mí.

"Dáníẹ́lì, ẹsẹ̀ ẹṣin kò dára. Pa á kí n tó dé."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo ní, "Kí n pa á, Ọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Pa á. Pa á dáadáa. Má jẹ́ kí ó ta ọ́ nípàá."

Ó nawọ́ sí apá ilé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ń lé mi pé kí n tètè lọ ṣe é ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá a. Kí ni ẹ ìbá gbọ́? Mo bi í léèrè, ó sì dá mi lóhùn. Nílé bàbá mi, ẹran tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kán, a kì í jẹ́ kó máa jìyà. Mo tún rò pé ọmọ alápatà tí mo jẹ́ ni ó fi pè mí. Ta ni ìbá tún pè?

Mo lọ sílé lọ mú ọ̀bẹ. Bàbá mi wà ní ìsọ̀ rẹ̀, n kò bá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá mi mú okùn. Mo sọ Bìsìmílà lábẹ́ ahọ́n. Mo mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà pa ẹran. Ẹṣin náà kò bá mi jà. Ó mọ̀ mí, èmi ni mo máa ń gé koríko fún un bí Bàbá Sàlíù ò bá sí nílé. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn oko iṣu, a sin ín. Ẹran rẹ̀ kò kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo fọ ilé ẹṣin náà mọ́ tónítóní. Mo rò pé Ọ̀gá yóò yìn mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ó dé. Ó ní, "Dáníẹ́lì, ṣé o pa ẹṣin?"

Mo ní, "Mo pa á, Ọ̀gá."

"Ó dára. Ó ń rìn?"

Mo wò ó. Mo ní, "A ti sin ín, Ọ̀gá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ó wọ inú ilé ẹṣin. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Èdè òyìnbó ni ó fi bú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ó fi èdè òyìnbó bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wí.

Wọ́n ní kí n má wọ kíláàsì mọ́. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, kí n máa gé koríko títí di ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó sì ń lọ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé ọmọ alápatà kò lè rí ẹran kó má pa á.

Bàbá Sàlíù dé láti ibi ìsọmọlórúkọ. Obì ṣì wà nínú àpò agbádá rẹ̀ tí ó fẹ́ pín fún wa. Ó lọ dúró níbi tí a sin ẹṣin náà sí, ó dúró pẹ́. Mo rò pé yóò nà mí. Ìgbà tí ó padà wá, ó ní, "Lásísì, kí ni ọkùnrin yìí wí gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un bí Ọ̀gá ṣe sọ ọ́.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó fẹ́ kí o fi òróró pa á lára ni. Ìgò òróró tuntun tí wọ́n kó dé fún un wà lójú fèrèsé rẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí Ọ̀gá nawọ́ sí. Mo jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Dìde. Wọ́n ní kí o pa á, o pa á. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ. Bí wọ́n bá pè mí, èmi yóò sọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ gààrí yẹn, mo máa sọ ọ́."

Ẹ wò ó, òun ni ó fẹ́ràn ẹṣin náà jù nínú gbogbo wa. Òun náà ni ó kọ́kọ́ dá mi láre.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìjókòó náà, Páítọ̀ wa, olùṣọ́-àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Dáníẹ́lì, kí ni o fẹ́ sọ lọ́la?"

Mo ní òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá ní kí n pa á.

Ó ní, "Ta ni yóò sọ fún un níwájú ènìyàn pé kò gbọ́ Yorùbá? Ṣé ìwọ ni? Àbí èmi? Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, o ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ṣì ọ́ lọ́nà, ìyẹn yàtọ̀."

"Ta ni ẹlòmíràn, sà?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ta ló ń tọ́jú ẹṣin?"

Mo ní ó ti lọ sí Olúpọ̀nnà nígbà náà. Ó ní, "Ṣé kò lè ti bá ọ sọ̀rọ̀ kó tó lọ ni?" Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí á gbàdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fi ọ̀rọ̀ Páítọ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kò fún mi lọ́rọ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi nìkan ni mo dáná tí mo fi se irọ́ yẹn.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá jókòó láàárín, Páítọ̀ wà lápá kan, tíṣà àgbà wà lápá kejì. Bàbá mi ti fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó wà níta lábẹ́ igi, ó ń dúró. Mo ń rí fìlà rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá ní kí n sọ tẹnu mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ní kí n fi òróró pa ẹṣin lára. Mo gbọ́ yín yé. Bàbá Sàlíù ló ti sọ fún mi kó tó lọ pé ẹṣin náà kò lè yè mọ́, kí n pa á, kó má jìyà."

Mo wo ojú Ọ̀gá. Ó mọ̀ pé kò dárúkọ òróró rárá. Mo rí i pé ó mọ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ òróró."

Wọ́n pe Bàbá Sàlíù. Ó ti wọ agbádá funfun tí ó wọ̀ lọ sọ ọmọ lórúkọ, ó ti fọ̀ ọ́. Ó rò pé wọ́n pè é láti wá ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó kí wọn tán, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú ọmọ yìí. Kò mọ̀ọ́mọ̀..."

Páítọ̀ ní, "Ìyẹn kọ́ la pè yín fún." Ó sì tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún un.

Bàbá Sàlíù yí ojú sí mi. "Lásísì, èmi ni mo ní kí o pa á?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, bàbá."

Ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, òun yóò búra. Ọ̀gá ní a kì í fi Kùránì búra nínú ilé yìí. Bàbá Sàlíù wo Ọ̀gá, ó wo Páítọ̀, ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá." Ó sì jáde.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e.

Bàbá mi dá mi dúró níta. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé Sàlíù ló rán ọ?" Mo ní òótọ́ ni. Bí Bàbá Sàlíù ti ń kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, ó sálámà sí bàbá mi. Bàbá mi, tí kì í pa ìrun jẹ, kò dá a lóhùn. Títí bàbá mi fi kú, ó gbà pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ ba ayé ọmọ òun jẹ́. Èyí ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi.

Mo parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo di tíṣà. Ọ̀gá sì sọ ọ̀rọ̀ mi di ìwàásù. Ọdọọdún ni ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun: ọmọ kan ṣe àìgbọràn, ó pa ẹṣin ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì dárí jì í. Bí mo bá wà níbẹ̀, yóò ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Èmi náà á dìde, n ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ìdáríjì tí n kò jẹ gbèsè rẹ̀ ni wọ́n fi ń yan fanda lórí mi, ẹni tí mo sì ṣẹ̀ kò sí nínú ìtàn náà rárá.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí Olúpọ̀nnà láti máa kọ́ àwọn ọmọdé. Wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó kan níbẹ̀. Ìyàwó náà ń jẹ́ Ráfátù. Ìyá rẹ̀ wà níjókòó, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ni ó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé bàbá rẹ̀ ńkọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ò gbọ́ ni? Sàlíù ni, ẹlẹ́ṣin tó pa ẹṣin òyìnbó. Ìgbà tí wọ́n sọ ọmọ yẹn lórúkọ tán ló sá lọ. Àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹni tí òyìnbó ń lé kò ṣeé tẹ̀ lé. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ẹbí ọkọ kọ ọmọ yìí nítorí rẹ̀."

Oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ tí Bàbá Sàlíù mú obì rẹ̀ wá fún wa ló ń lọ sílé ọkọ yìí.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlọrin. Mo bèèrè títí mo fi rí i. Kò sí lọ́dọ̀ ẹṣin. Okùn ni ó ń hun, okùn tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi so ẹṣin tiwọn. Àwọn aládùúgbò ní ìròyìn ti dé ṣáájú rẹ̀ pé ó pa ẹṣin tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́, àti pé ní Ìlọrin, ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹṣin mọ́. Ọmọ ìdílé ẹlẹ́ṣin.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó wò mí, ó ní, "Lásísì, o ti dàgbà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń hun okùn rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Ráfátù ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti lọ sílé ọkọ, bàbá."

Ó ṣi okùn náà hun. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ní, "O purọ́ mọ́ mi níwájú ènìyàn, o wá ń bẹ̀ mí nínú yàrá. Ṣé èmi ni n kò mọ̀ pé n kò ṣe é ni? Àwọn tí kò mọ̀ ni kí o lọ sọ fún." Kò ní òun dárí jì mí. Kò sì ní òun kò dárí jì mí. Ó ní kí n jẹun kí n tó lọ.

Mo padà sí Ìwó. Ọ̀gá ti darúgbó, ó ń palẹ̀mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdágbére fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní kí èmi wà lára àwọn tí yóò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ẹṣin. Mo lọ bá Páítọ̀, mo ní mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo máa sọ ọ́.

Ó ní, "Dáníẹ́lì, kí ni o fẹ́ gbà nínú èyí? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Arúgbó ń lọ sílé, o fẹ́ dójú tì í?"

Mo ní, "Bàbá Sàlíù náà ti di arúgbó, sà. Òun náà ní ilé tí ó yẹ kó lè padà sí."

Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Wọ́n ní bí mo bá la ẹnu, ìgbìmọ̀ yóò tún pè mí, n kò sì ní ṣe tíṣà fún wọn mọ́. Mo ní kí wọ́n pè mí. Wọ́n ti pè mí báyìí, mo sì ń lọ. Bí wọ́n bá bi mí léèrè lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tí mo máa sọ: Ọ̀gá ní kí n pa á. Mo bi í léèrè, ó tún ní kí n pa á dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Mo ti lọ sọ ọ́ fún Ráfátù àti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó wọlé, kò sì jáde sí mi mọ́. Ó tọ́ sí i, n kò bá a jà. Ráfátù ló sìn mí dé ìta. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i." Ọjọ́ yẹn ni mo mú gègé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, àwọn kan nínú yín yóò sọ pé mo fi ojú ẹ̀sìn gbolẹ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹni tí òyìnbó kọ́ níwèé kò yẹ kó túdìí òyìnbó. Ẹ pa á mọ́nú, n kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo mú wá, n kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Àmọ́ ohun méjì ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bàbá mi ti kú, ó sì kú pẹ̀lú ìbínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Kí ni ọmọ lè ṣe sí sálámà tí bàbá rẹ̀ kò dáhùn?

Èkejì, ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń hun okùn ẹṣin, Sàlíù ni orúkọ rẹ̀. Kò mọ ìwé kà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ bá mi ka èyí sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á nínú yàrá. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ síta, ẹ pe àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹ pe àwọn ẹlẹ́ṣin, kí ẹ sì kà á sókè.

Èmi ni,
Lásísì ọmọ alápatà, Ìwó.